Gíláàsì Kejì

Láti àárọ̀ ni opó náà ti ń di aṣọ Merv, ọkọ rẹ̀, sínú páálí. Apá ń ro ó bó ṣe ń ṣí ìgò tó kẹ́yìn nínú ọtí tí Merv fọwọ́ ara rẹ̀ pọn kó tó kú.

"Ìyàwó wa, rọra o," ni Clarrie, àbúrò ọkọ rẹ̀, wí. "Má dà á bíi ti Merv o!"

"Èmi kẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bú u. Ọtí inú gíláàsì rẹ̀ ò mọ́ rí lọ́jọ́ kan."

Ó tẹ gíláàsì síhà kan, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀. Ó mọ́ gaara. Ó gbé ìgò nàró láti mú gíláàsì kejì, ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ru sókè. Gíláàsì kejì rí bí omi odò lẹ́yìn òjò.

Clarrie rẹ́rìn-ín. "Ti Merv gan-an nìyẹn! Dà á nù jàre."

Opó náà wo gíláàsì méjèèjì. Lọ́jọ́ gbogbo, gíláàsì àkọ́kọ́ ni Merv máa ń gbé lé e lọ́wọ́ kó tó da tirẹ̀.

Ó ti èyí tó mọ́ sọ́dọ̀ Clarrie. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé èyí tó rú, ó sì mu ún tán, tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.