Bí Dùùrù Oleta Ṣe Wọ Abẹ́ Ilé Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo onílé tí ẹ mọ̀, pàápàá ọkùnrin tó gbà pé kò sí iṣẹ́ tí òun ò lè fọwọ́ ara òun ṣe.

1.

Wendell Stroup ni mò ń sọ. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní North Carolina, níbi tí afẹ́fẹ́ ìgbà ooru ti máa ń rin bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa. Ilé onípákó là ń gbé níbẹ̀. Orí òpó búlọ́ọ̀kù kúkúrú ni wọ́n ń kọ́ ọ lé, èèyàn á sì fàyà wọ́ kó tó lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Oleta, ìyàwó Wendell, ló ń tẹ dùùrù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní dùùrù kan ní pálọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó o láyé, àfi bóyá Wendell, ìyẹn náà sì sinmi lórí ọjọ́ tí ẹ bá bi í.

Nígbà tí dùùrù yìí bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí Oleta á tẹ̀ ẹ́ tí kò ní gbéra padà, ó mọ̀ pé ọ̀rinrin ti wọlé. Ó pe Janelle Puckett, obìnrin tó ń fi dídí abẹ́ ilé jẹun. Janelle rákò wọlé, ó jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú. Ó ní pákó ti ń rin, pé òun máa fi ọ̀rá tó nípọn bo gbogbo ilẹ̀, òun á dí àwọn ihò afẹ́fẹ́, òun á sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dọ́là ni.

Wendell rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló ń gbé abẹ́ ibẹ̀? Ọ̀pọ̀lọ́ àti aláǹtakùn. Ṣé àwọn ló máa bá mi san án ni?"

"Ọ̀gbẹ́ni Stroup," Janelle dá a lóhùn, "ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé orí ẹ̀."

2.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó kó owó náà, ó fi ra ọkọ̀ ìpẹja, pupa fòò, tó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ó wá ra ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ilé fúnra rẹ̀, ó sì dí gbogbo ihò afẹ́fẹ́ pinpin. Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ pé Wendell ti gbọ́n ju Janelle lọ.

Oleta nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀ gidi. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ máa ń tú ooru rẹ̀ jáde gba inú páìpù? Ti àwọn Stroup, abẹ́ ilé ló ń tú u sí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Wendell, páìpù ẹ̀rọ aṣọ yẹn ńkọ́?"

"Afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣá ni. Á bá wa mú ibẹ̀ gbẹ ni."

Háà, Wendell! Tẹ́lẹ̀, ooru omi inú aṣọ ń rí ihò sá jáde. Ní báyìí ó ti dé ìkòkò lọ́mọrí. Bó bá sì ti odò dé pẹ̀lú aṣọ tútù, inú ẹ̀rọ yẹn náà ló ń kó o sí.

3.

Olú hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ dùùrù.

Oleta pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Wendell fà á tu, ó lọ ra kápẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ sí ojú ibẹ̀. Ajá wọn pàápàá kọ̀, kò sùn síbẹ̀ mọ́. Oleta bẹ̀ ẹ́ pé kó wá èèyàn bá òun gbé dùùrù kúrò. Wendell ní ó di ẹ̀yìn àsè.

4.

Àsè tí mò ń wí ni ti ọjọ́ Sọ́ńdè tí àwọn ọmọ ìjọ tó ti kó lọ sí ibòmíràn máa ń padà wá jọ́sìn. Ilé Stroup la ti jẹun lọ́dún yẹn. Adìyẹ dídín wà, ẹyin sísè tí wọ́n fi ata pupa wọ́n wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú kọ́sítádì náà wà. Oleta ń tẹ dùùrù, a ń kọrin, ni Pásítọ̀ bá rọra sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ yìí ń bá wa jó.

Kí Wendell mójú kúrò, ó kọ̀.

"Pásítọ̀, ilẹ̀ yìí le ju àpáta lọ. Ẹ wò ó."

Ó fò sókè pẹ̀lú abọ́ kọ́sítádì lọ́wọ́. Ó balẹ̀, ó sì ń balẹ̀ lọ. Ilẹ̀ jìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, abíyá ló gbé e dúró. Abọ́ kò dànù. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà la gbọ́ tí pákó ń ya. Oleta sá kúrò lórí àga rẹ̀, dùùrù sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó wọ abẹ́ ilé lọ, gbogbo ohùn inú rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Oleta, ṣé nǹkan kan ò ṣe ẹ́?" Wendell béèrè láti inú ihò.

"Nǹkan kan ò ṣe mí. Dùùrù ìyá mi ló kú."

Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

5.

Owó tí wọ́n fi tún pákó ilẹ̀ náà ṣe lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n dọ́là. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ti Janelle ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá san án ni. Wendell ta ọkọ̀ ìpẹja. Janelle ló rà á. Bó bá ti ń wọ́ ọ lọ sódò, ó máa ń fun fèrè tó bá dé iwájú ilé wọn.

Dùùrù kò ṣeé tún ṣe. Nírọ̀lẹ́, Wendell ló ń wa Oleta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó lè tẹ èyí tó wà níbẹ̀. Ó ń jókòó sẹ́yìn títí Oleta yóò fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ tọ́jú ibi tí ojú àlejò kì í dé nínú ilé yín, kí ó tó fi yín hàn lójú àlejò. Bí ìyàwó yín bá ní ilẹ̀ ń rọ̀, ẹ má ra kápẹ́ẹ̀tì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.