Áàpù Tó Ń Fi Èébú Jíni

Àwọn tó ni ìsọ̀ áàpù ti fàáké kọ́rí: bí Aláàpù ò bá kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ síta gbangba, áàpù rẹ̀ ò ní wọlé.

Ó kọ ọ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Ṣé èébú ni áàpù ọ̀hún fi ń jí àwọn tó bá sùn wọra.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ló dúró, fóònù lọ́wọ́.

“Ṣé ibí ni wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀lẹ láràárọ̀?”

“Ẹ má bínú, sà. Mo máa yọ ọ́ kúrò.”

“Yọ kí ni? Mi ò pẹ́ dé ibiṣẹ́ mọ́! Ẹni tó ni ohùn yẹn ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Ìgbà yìí gan-an ni Aláàpù wá ń bojú wẹ̀yìn.

Ohùn kan sì bú jáde láti ilé ìdáná:

“Ìwọ ọ̀lẹ yìí, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, o ò gbọ́! Àbí òkú ni ọ́ ni?”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ohùn yẹn nìyẹn!”

Aláàpù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ọkùnrin náà.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìyá mi nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé mo máa ń gbohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń jí mi.”