Àkùkọ Bàbá Ìjọ

"Ẹ̀yin ará, àkùkọ tó dára jù lọ nílé mi nìyí!" Níwájú pẹpẹ ìkórè ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Bàbá Ìjọ na àkùkọ kan tó rù kan egungun, tó rà lọ́jà, sókè. Èyí tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ láràárọ̀ wà lábẹ́ agbọ̀n nílé, ó ń dúró de Kérésìmesì. Ìjọ wo adìyẹ, wọ́n wo agbádá ọrùn Bàbá Ìjọ, wọ́n ké halelúyà fún agbádá.

Ni ìyàwó rẹ̀ bá sáré wọlé. "Bàbá Tóyìn, ẹ mà gbàgbé ọrẹ yín sábẹ́ agbọ̀n!" Ó sọ àkùkọ sísanra kan kalẹ̀.

Bàbá Ìjọ wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀dàlẹ̀. "Èmi kẹ̀? N ò mọ adìyẹ yìí rí."

Àkùkọ fò lé e lápá, ó ṣa àgbàdo inú àpò agbádá rẹ̀ jẹ, ó sì kọ.