Wáyà Kì í Ṣe Rọ́bà

"Rọra tú u sílẹ̀," awọ̀nkànga, ọkùnrin tó ń wọn bí kànga ṣe jìn tó, sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, bí wáyà tí wọ́n so irin mọ́ nídìí ṣe ń wọ inú kànga lọ. Ìyá ọmọbìnrin náà dúró tì wọ́n, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn láàárọ̀: bí pọ́ńpù tí wọ́n fẹ́ rì sínú kànga òun kò bá fa omi tó mọ́, kí ọkùnrin náà wá ìyàwó lọ síbòmíràn.

Irin kanlẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀rọ kékeré tó ń ka gígùn wáyà, ó sì pe iye rẹ̀.

"Ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì tí màá fi kún un," awọ̀nkànga wí. "Wáyà máa ń nà, Màmá. Kànga máa ń jìn ju bí ẹ̀rọ ṣe kà á lọ."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé rọ́bà ni? Abájọ tí ṣòkòtò rẹ fi kúrú! Ìyẹn náà lo ń retí kó nà."

Ọkùnrin náà gé páìpù, ó so pọ́ńpù mọ́ ọn, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tó yẹ kó ti ku díẹ̀ kó kan ẹrẹ̀. Ó tan án.

Ẹrẹ̀ dúdú tú jáde, ó bo ìyá lójú.

"Mo ṣáà fi kún un!" ọkùnrin náà pariwo.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi náà ti fi kún un kí n tó pè é fún ọ. Mo rò pé ẹ̀rù màmá mi á jẹ́ kó o gbàgbé."

Ìyá fi etí ìró nu ojú, ó wo àwọn méjèèjì títí.

"Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó," ó ní. "Kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún mi, tí màá fi gbé ọ̀kan nínú yín lé e lórí?"