Oyèlẹ́yẹ Kọ́ Òwò, Ẹyìn Ìyá Rẹ̀ Jẹrà

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nílé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí òwò. Bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

1.
Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ wa, opó kan wà ní Kpulu, lẹ́bàá Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Ẹfúnwùmí ni orúkọ rẹ̀. Oko ọ̀pẹ tí ẹbí ọkọ rẹ̀ fi sí i lọ́wọ́ ló fi ń jẹun. Kò dá a ṣe. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n jọ ń ṣe àáró epo: lónìí, gbogbo wọn á kó wọ ẹkù eléyìí, ìyẹn kòtò tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, lọ́la, ó di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kàn nìkan ló ń ní kí àwọn tó ń gun ọ̀pẹ gé ẹyìn, ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ méjìlá lè tẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ẹyìn kì í dúró de ènìyàn. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, epo rẹ̀ á kan, ajá ò ní lá a.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnwùmí bí, Oyèlẹ́yẹ. Ó rán an lọ sí Àjàṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ òwò ṣíṣe lọ́nà ti òyìnbó. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta náà ni ìyá fi ń sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun ń bọ̀.

2.
Ó bọ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé àpótí lọ sẹ́bàá ẹkù, ó jókòó, ó ń kọ nǹkan. Nígbà tí àwọn obìnrin jáde láti sinmi, ó ní ìyá òun ń fi agbára ṣòfò. Ọjọ́ kan péré nínú mẹ́fà ló ń ṣe fún ara rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún yòókù, ẹlòmíràn ló ń sìn. Ó tún nawọ́ sí Ìbídùn, tó dàgbà jù nínú wọn, ó ní ìyá yìí ń jókòó ju bó ṣe ń tẹ ẹyìn lọ.

Ìbídùn nu epo lẹ́sẹ̀. "Oyèlẹ́yẹ, ìdí tìrẹ náà ò tíì kúrò lórí àpótí láti àárọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oyèlẹ́yẹ ò rẹ́rìn-ín.

Ẹfúnwùmí mọ èsì ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún tí òun fi ń ṣe fún wọn, gbogbo wọn ń san án padà lọ́jọ́ kan tó bá kan òun. Àmọ́ ó wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wo ọmọ òun, orí rẹ̀ wú, ó sì pa ẹnu mọ́. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn.

3.
Oyèlẹ́yẹ yọ ìyá rẹ̀ kúrò nínú àáró. Ó gba ọkùnrin mẹ́jọ síṣẹ́ láti Ìkpinlẹ̀, ó ra fèrè. Bó bá fọn ọ́n, wọ́n á wọ ẹkù. Bó bá tún fọn ọ́n, wọ́n á jáde. Oṣù méjì àkọ́kọ́, epo ṣàn. Àwọn ọlọ́jà ń béèrè ọ̀nà ilé Ẹfúnwùmí, òun náà jókòó lábẹ́ igi, ó ń gba ìkíni.

Málọmọ́, ọ̀kan nínú àwọn aláàáró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ṣe ìyàwó, wá bá a lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní àwọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀.

"Sọ pé o ń bọ̀, ó ti tán."

Oyèlẹ́yẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹfúnwùmí wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi ló mọ̀wé, Málọmọ́. Òun ló ń darí iṣẹ́."

"Ó mọ̀wé. Ìwọ ńkọ́, kí lo mọ̀?"

Málọmọ́ gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti mú ìyàwó Fádáre, aládùúgbò wọn, sí ipò kẹfà.

4.
Nígbà tí ẹyìn pọ́n jù lọ́dún, Oyèlẹ́yẹ ní kí àwọn tó ń gun ọ̀pẹ gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹyìn ga lágbàlá bí òkìtì ọ̀gán. Ẹfúnwùmí mọ̀ pé yóò kan, ó kàn ń ṣa èyí tó já bọ́ jọ.

Ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, dé Ìkpinlẹ̀, wọ́n ń fipá kó ọkùnrin lọ la ọ̀nà. Àwọn tí wọn ò rí mú sá wọ igbó. Oyèlẹ́yẹ fọn fèrè títí, ẹnì kan ò dé.

Ó gba ilé Ìbídùn lọ. Wọ́n fún un lómi, wọn ò bú u. Ó ní kí àwọn aláàáró wá bá òun tẹ ẹyìn, òun á sanwó.

"Àáró kì í ṣe ohun títà," ni Ìbídùn wí. "Wá bá wa tẹ tiwa ná. Bó bá kárí, a ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, ká gba èyí tó bá kù là."

"Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí, kí n wọ ẹkù láàárín àwọn obìnrin?"

"Kò burú. Omi tó o mu yẹn, a ò gbowó rẹ̀."

Ẹfúnwùmí gbọ́, ó so aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó fẹ́ lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Oyèlẹ́yẹ dí ọ̀nà. Ó ní bó bá lọ, ó ti sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Kpulu nìyẹn. Ìyá padà. Ó dá wọ ẹkù tirẹ̀, ẹsẹ̀ méjì níbi tí méjìlá ń wà. Lọ́jọ́ karùn-ún, eṣinṣin ti bo òkìtì, òórùn rẹ̀ ti dé ojú ọ̀nà. Èyí tó rí tẹ̀, àwọn ọlọ́jà ṣí ìkòkò rẹ̀, wọ́n tún un dé, wọn ò rà á.

5.
Ògúntóyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ẹfúnwùmí tó jẹ́ olórí ẹbí, wá síbẹ̀. Ó fi aṣọ bo imú.

"Ìyàwó wa, ta ló ṣe èyí?"

Ẹfúnwùmí wo ọmọ rẹ̀. Ó ń retí kó dá a lóhùn.

"Ìyá mi ò sọ fún mi," ni Oyèlẹ́yẹ wí. "Gbogbo ohun tí mo ṣe, ojú wọn ni mo ti ṣe é. Wọn ò ní kí n má ṣe é."

Kò purọ́. Ìyẹn gan-an ló dun ìyá rẹ̀ jù.

Ẹbí gba oko ọ̀pẹ padà, wọ́n fún ìyàwó ilé mìíràn. Oyèlẹ́yẹ padà sí Àjàṣẹ́, ó ń bá òyìnbó wọn epo. Ẹfúnwùmí ń tẹ ẹyìn ẹlẹ́yìn kiri, títí dé Oko-Akarè. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á bu epo igbá kan fún un, á dúpẹ́, á gbé e lọ sílé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rán ọmọ lọ kàwé; ìwé dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́ lójú ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ìwé rẹ̀ pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó tú iṣẹ́ tí ẹ bá nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ṣe é, kẹ́ ẹ sì bi àwọn tó ń ṣe é léèrè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.