Ẹtù àti Kànga Ìyá Rẹ̀

Àlọ́ mi gba etí òkun, ó já sídìí kànga Ẹtù agbéraga.

Òkun ya wọ abúlé, ó sì padà. Òkété aládùúgbò sọ fún Ẹtù pé, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ gbọ́n kànga yín gbẹ kí ẹ tó mu níbẹ̀."

"Kànga tí ìyá mi gbẹ́? Ẹ lọ gbọ́n tiyín!"

Akàn tí òkun gbé jù sínú kànga náà ń kọrin nísàlẹ̀:

"Omi yìí bá mi lára mu,
*Tere-nà,*
Bí ilé mi ló rí,
*Tere-nà.*"

"Ẹ gbọ́ bí àlejò ṣe ń yìn ín!" Ẹtù bu omi fún ọmọ rẹ̀.

"Ìyá, ó níyọ̀."

"Mu ún tán!"

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró kú. Ẹtù bú Akàn ní òpùrọ́.

Akàn ní, "Ọmọ òkun ni mí, Ìyá. Ẹ ò bi mí bóyá ó yẹ ọmọ yín."

Ẹtù gbọ́n kànga náà gbẹ. Omi tó sun padà mọ́ gaara, kò sì sí ọmọ tí yóò mu ún.