Oògùn Ọjọ́ Mẹ́rìnlá

Egbò inú ló pa àbúrò bàbá aránṣọ kan. Ẹ̀jẹ̀ ló bì títí ẹ̀mí fi bọ́. Nítorí náà, nígbà tí dókítà sọ pé kòkòrò ti dá egbò sí ikùn bàbá fúnra rẹ̀, àyà aránṣọ náà já. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Dókítà fún wọn ní oògùn apakòkòrò ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó ní ẹnu lè máa korò, inú sì lè máa run, ṣùgbọ́n bàbá kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kan jẹ. Ó wá fi ìyẹ̀fun kan kún un tí yóò máa tu ikùn lára. Àwọn kòkòrò rere ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi wákàtí méjì sáàárín ìyẹ̀fun àti oògùn.

Bàbá, tó ti fi ogójì ọdún ṣe búrẹ́dì, bi í léèmejì bóyá lóòótọ́ ni àwọn kòkòrò rere náà wà láàyè. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ mọ bàbá rẹ̀. Oògùn ikọ́ lásán ń lé e kiri ilé, áńbọ̀sìbọ́sí ti ọ̀sẹ̀ méjì. Láràárọ̀, kó tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń lọ sí yàrá bàbá tẹ̀rùtẹ̀rù. Láràárọ̀ ni bàbá ń fi páálí oògùn hàn án, ti òní ti kúrò níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ní tirẹ̀, omi tútù ló fi ń pò ó, níṣojú ọmọ, pẹ̀lú sùúrù.

"Ẹnu yín ò korò, Bàbá?"

"Rárá."

"Inú ńkọ́?"

"Ó tòrò. Àwọn ará inú ìyẹ̀fun yìí mọ iṣẹ́ wọn."

Aránṣọ náà ń ròyìn ìyẹ̀fun fún gbogbo oníbàárà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ó tilẹ̀ rí oorun sùn.

Oṣù kan lẹ́yìn tí oògùn tán, wọ́n padà lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà wo èsì, ó tún un wò. Ó ní kòkòrò náà kò dín rárá, egbò sì ti jìn sí i. Aránṣọ ní òun fojú ara òun rí páálí tó ń ṣófo.

Bàbá wò ó tàánútàánú, bí ọ̀gá ṣe ń wo ọmọṣẹ́ tí kò tí ì mọṣẹ́.

"Ọmọ mi, ta ló ń da iyọ̀ lé yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú lórí? Ṣáláńgá ni mò ń ju oògùn apakòkòrò yẹn sí láràárọ̀, kó má baà pa àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́."